Àgádágodo fáìlì nínú kernel Linux: ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa ní Ìdúmọ̀tà wà nínú ewu?

Akọ̀wé Ìdúmọ̀tà

Mo kí gbogbo ẹ̀yin onímọ̀ tó wà níbí, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn aláṣọ kan ní Ìdúmọ̀tà. Láyé àwọn ìyá wa, inú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan ni wọ́n ń kọ owó ìfipamọ́ àti owó yíyá sí, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń mú kálámù. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ kọ nǹkan, yóò dúró títí ẹni àkọ́kọ́ yóò fi pa ìwé náà dé. Lónìí, kọ̀ǹpútà méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì wa lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èkejì, tó jẹ́ àlòkù tí a rà ní Ìkẹjà, wà nísàlẹ̀ níbi tí a ti ń gba owó. Debian, ọ̀kan nínú àwọn oríṣi Linux, ló ń darí méjèèjì, inú SQLite sì ni ètò tí wọ́n kọ fún wa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí.

Akọ̀wé owó mẹ́rin ló ń wọlé sí ẹ̀rọ òkè, oníkálukú pẹ̀lú àkáǹtì àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹni kẹrin jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì lo oṣù méjì. N kò ní ẹ̀sùn kankan sí i lẹ́sẹ̀, àmọ́ àwọn tó ju igba lọ ni owó wọn wà ní ìkáwọ́ mi, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì ní ibòmíràn tí wọ́n ń fi owó pamọ́ sí.

Lálẹ́ àná ni àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà pè mí pé òun kà á pé àlébù ààbò kan wà nínú kernel Linux, ìyẹn ọkàn Linux gan-an, ní ibi tó ti ń bójú tó títì fáìlì, pé nọ́mbà rẹ̀ ni CVE-2024-41012, àti pé ó lè jẹ́ kí ẹni tó ní àkáǹtì lásán lórí ẹ̀rọ rí ohun tí kò yẹ kó rí. N kò sùn dáadáa. Ó yé mi pé títì fáìlì ni kì í jẹ́ kí Bísí àti Ṣadé, méjì nínú àwọn akọ̀wé owó wa, kọ owó lé ara wọn lórí. Ohun tí kò yé mi ni bí àgádágodo tí a fi ń dáàbò bo ìwé ṣe lè di ihò tí olè ń gbà wọlé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye. Ṣé ẹni tó ní àkáǹtì lórí ẹ̀rọ wa, tàbí ẹni tó jí ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀kan nínú wọn, lè fi àlébù yìí yí owó tí a ti kọ padà, àbí kíkà nìkan ló lè kà? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá a ti tún ẹ̀rọ tiwa ṣe? Bó bá sì jẹ́ pé a ní láti pa ẹ̀rọ kí a tún un tàn, ṣé ó lè dúró di ìgbà tí a bá sanwó oṣù tán? Ọjọ́ Ẹtì yìí ni èèyàn bí ogójì ń bọ̀ wá gba owó yíyá.

Ọmọ Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Akọ̀wé, ẹ sì kú àìsùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń gbé yín lọ́kàn sókè jù. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé tó bá àtúnṣe náà jáde, ó jọ pé ènìyàn lè gba inú àlébù yìí ka ibi tó bá fẹ́ nínú ìrántí kernel, ṣùgbọ́n kò lè ba inú rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò lè gba ibẹ̀ yí owó ọmọ ẹgbẹ́ padà tààrà. Síbẹ̀, kíkà náà kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé inú ìrántí kernel ni ohun tí gbogbo àkáǹtì ń kà láti inú fáìlì àti ohun tí wọ́n ń kọ sí i ń gbà kọjá, ẹni tó bá sì rí ọ̀rọ̀ aṣínà yín kà lónìí yóò gba ẹnu ọ̀nà wọlé lọ́la.

Kernel ni apá Linux tó dúró láàárín ètò tí ẹ ń lò àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Bí ètò kan bá fẹ́ ti fáìlì, yóò pe kernel nípasẹ̀ ohun tí à ń pè ní fcntl, yóò fún un ní nọ́mbà fáìlì tó ṣí, kernel yóò sì kọ ọ́ sínú àkójọ rẹ̀ pé láti báìtì báyìí dé báìtì báyìí, ti lágbájá ni. Òfin POSIX, ìlànà tí Linux àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀lé, sọ pé bí ètò náà bá pa fáìlì yẹn dé, gbogbo àgádágodo tó ní lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Òfin yìí kò dùn mọ́ mi nínú rárá, nítorí pé bí ètò kan bá ṣí fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀mejì tó sì pa ọ̀kan dé, àgádágodo tó fi èkejì mú yóò bá a lọ, àwọn tó kọ SQLite sì ti ṣe wàhálà púpọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí má baà ba àkọsílẹ̀ ènìyàn jẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ni, kernel sì ní láti pa á mọ́.

Wàyí o, ètò kan ṣoṣo lè ní okùn iṣẹ́ méjì tó ń sáré pọ̀. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Táyé ní kí kernel ti fáìlì kan. Kernel gba nọ́mbà fáìlì náà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kó tó kọ ọ́ sínú àkójọ, Kẹ́hìndé ti pa fáìlì náà dé. Kernel wo inú àkójọ láti palẹ̀ àgádágodo mọ́, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó kọjá lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣẹ́ Táyé tó parí, tí àgádágodo wá wọ inú àkójọ lórí fáìlì tí wọ́n ti pa dé. Kò sí ẹni tó tún ń padà bọ̀ wá ṣí i.

Àwọn tó kọ kernel mọ̀ pé èyí lè ṣẹlẹ̀, wọ́n sì fi àyẹ̀wò kan síbẹ̀. Lẹ́yìn tí kernel bá ti fáìlì tán, yóò wo ẹ̀yìn wò bóyá nọ́mbà tí wọ́n fún un ṣì ń tọ́ka sí fáìlì kan náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò ṣí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tì. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń ṣí i: ẹ̀ka koodu tó ń jẹ́ do_lock_file_wait, tó fi tì í, náà ló tún pè láti fi ṣí i, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ kó tó ṣe ohunkóhun. Ẹ̀ṣọ́ tí mò ń wí ni ètò ààbò bíi SELinux, tó ń pinnu ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan lè ṣe lórí ẹ̀rọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀ṣọ́ gbà nígbà tí wọ́n fẹ́ tì í, kó sì kọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí i. Ó dà bí ìgbà tí alábàárù gbé ẹrù wọ ilé ìkẹ́rùsí, tó rí i pé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n rán òun, tó fẹ́ gbé ẹrù náà jáde padà, tí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá ní òun kò gbà. Kernel kò retí pé wọ́n lè kọ̀ fún un. Ó bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé ó ti ṣí i.

Ọ̀nà kejì tún wà tí ṣíṣí náà fi lè kùnà, yóò sì tètè yé ẹ̀yin aláṣọ. Bí ẹ bá gé àárín kúrò nínú aṣọ gígùn kan tí ẹ fi kọ́, ọ̀kan á di méjì, ẹ ó sì wá ìkọ́ kejì. Bákan náà, bó bá jẹ́ àárín ibi tí wọ́n tì ni kernel fẹ́ ṣí, àgádágodo kan yóò di méjì, yóò sì nílò àyè tuntun nínú ìrántí fún èkejì. Bí kò bá rí àyè, kò lè ṣí i.

Àgádágodo tó ṣẹ́kù yìí ṣì ní atọ́ka tó kọjú sí fáìlì tó ti kú, bẹ́ẹ̀ kernel ti gba ibi tí fáìlì náà wà nínú ìrántí padà, ó ti fi fún ẹlòmíràn. Fáìlì kan wà lórí Linux tó ń jẹ́ /proc/locks, níbi tí ènìyàn ti lè ka gbogbo àgádágodo tó wà lórí ẹ̀rọ. Bí ẹnì kan bá kà á ní àkókò yìí, kernel yóò tẹ̀lé atọ́ka náà lọ sí ilé tí onílé ti kó kúrò, ohun tó bá bá lọ́wọ́ ayálégbé tuntun ni yóò sì gbé wá. Ihò náà nìyẹn.

Jann Horn, tó wà ní Project Zero ti Google, ló kọ àtúnṣe rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2024. Ó ní kí kernel má ṣe tọrọ àṣẹ mọ́ láti ṣí i, kí ó pe locks_remove_posix, èyí tó ti ń palẹ̀ àgádágodo mọ́ tẹ́lẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá pa fáìlì dé, tí a dìídì ṣe kó má baà kùnà.

Ní ti ẹ̀rọ yín, ẹ má ṣe wo nọ́mbà kernel lásán kí ẹ fi ṣe ìdájọ́, nítorí Debian máa ń mú àtúnṣe tuntun wọ inú kernel tó ti wà nílẹ̀. Ẹ tẹ apt changelog, tó ń to àwọn àtúnṣe inú àpò kan sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àpò kernel yín, kí ẹ sì wá ìlà tó kà pé "filelock: Remove locks reliably". Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ uname -v, kí ẹ rí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ gan-an, nítorí kernel tuntun lè ti wà lórí dísíìkì kí ó jẹ́ pé ti àtijọ́ lẹ ṣì ń lò, títí ẹ ó fi pa ẹ̀rọ tí ẹ ó sì tún un tàn. Ẹ bá mi tẹ uname -m náà lórí ẹ̀rọ méjèèjì, kí ẹ kọ ohun tó bá sọ síbí.

Adé Múṣin

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ohun méjì ni mo fẹ́ fi kún un. Àkọ́kọ́ ni pé bí ó bá ṣòro fún Màmá láti pa ẹ̀rọ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n dí ojú /proc/locks kí àwọn àkáǹtì yòókù má lè kà á, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á jáde. Èkejì ni pé mo rí CVE mìíràn, CVE-2024-41020, tó jáde ní oṣù kan náà lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Bó ṣe yé mi, ẹ̀rọ 64-bit (irú tuntun) tó bá ní ètò 32-bit (irú àtijọ́) lórí nílò àtúnṣe méjèèjì, ẹ sì mọ̀ pé ètò 32-bit ṣì pọ̀ nílùú yìí. Kí Màmá wádìí èyí náà.

Akọ̀wé Ìdúmọ̀tà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ìkọ́ aṣọ yẹn ló là mí lójú jù.

Mo ti tẹ ohun tí ẹ ní kí n tẹ̀. Ẹ̀rọ òkè sọ pé x86_64. Ìlà tí ẹ ní kí n wá wà nínú changelog kernel tuntun tí ẹ̀rọ náà ti fà wọlé fúnra rẹ̀, inú mi sì ti ń dùn, àfi ìgbà tí mo tẹ uname -v tó kọ Debian 6.1.90-1, ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Mo wá rántí pé láti ìgbà tí a ti ra inverter, ẹ̀rọ yẹn kò kú rí. Láyé ìgbà tí iná ọba ń lọ tó ń bọ̀, ó máa ń kú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó sì máa ń tàn padà pẹ̀lú ohun tuntun. Ìtọ́jú tí a tọ́jú rẹ̀ ló wá mú kó dúró sórí kernel àtijọ́.

Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ sọ pé i686.

Mo tún ka /proc/locks lórí ẹ̀rọ òkè nígbà tí Bísí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ìlà kan sì dẹ́rù bà mí:

1: POSIX  ADVISORY  READ 1874 08:01:393341 1073741826 1073742335

Gbogbo àkọsílẹ̀ wa pátá kò tó 40 mẹ́gábáìtì. Báwo ni ẹnì kan ṣe ń ti báìtì tó ju bílíọ̀nù kan lọ nínú fáìlì tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀? Ṣé àmì olè nìyí?

Ọmọ Yábàá

Kì í ṣe olè, Màmá, SQLite ni. Ẹ jẹ́ ká ka ìlà náà pọ̀. 1874 ni nọ́mbà ètò Bísí. 08:01 ni dísíìkì yín, 393341 ni nọ́mbà fáìlì àkọsílẹ̀ lórí rẹ̀. Nọ́mbà méjì tó gbẹ̀yìn ni báìtì tí wọ́n ti tì í dé báìtì tí wọ́n tì í dópin. POSIX gbà kí ènìyàn ti ibi tí fáìlì kò tíì dé, SQLite sì mọ̀ọ́mọ̀ yan ibi jíjìnnà kan, ní kété tí gígábáìtì kan bá pé, kí títì rẹ̀ má baà kan owó tí ẹ kọ rárá. Báìtì 510 ló wà láti 1073741826 dé 1073742335, ẹni tó bá sì ń ka àkọsílẹ̀ ló ń mú gbogbo wọn pọ̀. READ tí ẹ rí níbẹ̀ túmọ̀ sí pé Bísí ń ka ìwé ni, Ṣadé náà sì lè kà á ní àkókò kan náà. Ní ti ADVISORY, ó túmọ̀ sí pé ètò tó bá béèrè nìkan ni àgádágodo náà ń dá dúró. Linux ní oríṣi tó le ju èyí lọ nígbà kan, àmọ́ wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dà 5.15 ní ọdún 2021.

Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ yín ló wá gba pé ká fara balẹ̀. Kernel 32-bit ni i686 ń sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni CVE-2024-41020 tí Adé Múṣin mẹ́nu bà wà. Lórí kernel bẹ́ẹ̀, nọ́mbà tí fcntl àtijọ́ ń lò kò lè ka fáìlì kọjá gígábáìtì 2, nítorí náà wọ́n ní láti kọ ẹ̀dà kejì fún fáìlì ńlá. Orúkọ ti àkọ́kọ́ ni fcntl_setlk, ti èkejì ni fcntl_setlk64. Àwọn méjèèjì wà nínú fáìlì kan náà, wọ́n jọra bí ìbejì, wọ́n sì ní àṣìṣe kan náà. Nígbà tí Jann Horn tún ti àkọ́kọ́ ṣe, kò rí i pé èkejì wà. Òun fúnra rẹ̀ ló padà wá kọ ọ́ sínú àtúnṣe kejì láìfi bò pé òun fojú fo ẹ̀dà kan. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn, nítorí pé ẹni tó bá ń tún koodu tó ti pẹ́ ṣe mọ bó ṣe rọrùn tó láti tún ibì kan ṣe kí ènìyàn sì rò pé òun ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Adé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tọ́ ibì kan sọ́nà. Kernel fúnra rẹ̀ ni a ń wò nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí kernel bá jẹ́ 64-bit, fcntl_setlk64 kò sí nínú rẹ̀ rárá, ètò 32-bit tó bá wà lórí rẹ̀ yóò gba ọ̀dọ̀ fcntl_setlk lọ bíi ti àwọn yòókù. Nítorí náà, àtúnṣe àkọ́kọ́ tó fún ẹ̀rọ òkè, nítorí 64-bit ni x86_64 tó kọ túmọ̀ sí. Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ló nílò méjèèjì, kí Màmá sì wá ìlà kejì nínú changelog rẹ̀: "filelock: Fix fcntl/close race recovery compat path". Ọ̀rọ̀ "compat" tó wà níbẹ̀ ló máa ń mú kí ènìyàn rò pé ètò 32-bit lórí kernel 64-bit ni wọ́n ń bá wí, n kò sì dá yín lẹ́bi.

Ní ti dídí ojú /proc/locks, n kò ní fi ọkàn tán an. Àgádágodo tí kò ní onílé mọ́ yóò ṣì wà nínú àkójọ, ó sì lè dènà ẹlòmíràn tó fẹ́ ti ibẹ̀ lọ́nà tó tọ́. Lọ́jọ́ tí alábòójútó ẹ̀rọ bá sì tẹ lslocks láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, /proc/locks náà ni lslocks ń kà, kernel yóò sì tún tẹ̀lé atọ́ka burúkú yẹn. Ohun tó bàjẹ́ náà ni ká tún ṣe.

Àgbà Ṣùúrùlérè

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, inú mi sì dùn sí bí ẹ ṣe ń bá ara yín sọ ọ́. Èmi ti bá Linux ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí a ti ń ra CD rẹ̀ lọ́wọ́ ara wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ojú kan náà yìí, nítorí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n ń tún un ṣe.

Àyẹ̀wò tí Ọmọ Yábàá sọ, èyí tí kernel fi ń wo ẹ̀yìn, wọ inú Linux 2.6.13 ní ọdún 2005 láti wo irú àgádágodo tí kò ní onílé mọ́ yìí sàn. Ní ọdún 2008 ni wọ́n rí i pé lórí ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ (CPU) tó ju ẹyọ kan lọ, àyẹ̀wò náà lè rí ohun àtijọ́, nítorí pé ohun tí ọpọlọ kan kọ kì í fi dandan hàn sí èkejì ní ìtẹ̀léra tí a kọ ọ́. Wọ́n pe ìyẹn ní CVE-2008-1669, Linux 2.6.25.2 sì ni wọ́n ti tún un ṣe. Ní gbogbo àkókò yẹn, títọrọ àṣẹ láti ṣí àgádágodo ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í pé bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́. Inú oògùn ọdún 2005 gan-an ni àìsàn ọdún 2024 fara pamọ́ sí fún nǹkan bí ọdún 19. Mo sọ èyí kí Màmá má baà rò pé àìbìkítà ẹnì kan ló fà á. Ojú tó mòye púpọ̀ ló ti kọjá níbẹ̀.

Ibi tí n kò ti bá Ọmọ Yábàá rìn tán ni pé kò dáhùn ìbéèrè Màmá lórí àkókò. Màmá, ẹni tó wà níta kò lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lo àlébù yìí tààrà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ibi tí yóò ti ṣe ètò tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ yín, yóò sì fi okùn iṣẹ́ méjì sáré léraléra títí wọn yóò fi pàdé ní ìṣẹ́jú àáyá tó tọ́. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ṣèèṣì ṣe. Síbẹ̀ n kò rí ìdí tí ẹ ó fi dúró di ẹ̀yìn ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé ọjọ́ tí owó púpọ̀ jù ń kọjá lórí ẹ̀rọ yẹn ló yẹ kó jẹ́ kernel tó dára ló wà lórí rẹ̀. Pípa ẹ̀rọ àti títàn án padà kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ ṣe é ní alẹ́ Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí ọjà bá ti tú. Ẹ kọ́kọ́ ní kí gbogbo akọ̀wé owó jáde nínú ètò, kí ẹ da àkọsílẹ̀ náà kọ sórí dísíìkì mìíràn, kí ẹ tó pa á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ti àkáǹtì ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn nìkan. Ẹ ti sọ pé kò ní ẹ̀sùn lẹ́sẹ̀, bí ẹ bá sì tì í, gbogbo ọ́fíìsì yóò kà á sí olè kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá jẹ́ pé ètò ìkọwé nìkan ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílò, kí ó jẹ́ pé ètò yẹn nìkan ni yóò ṣí fún gbogbo wọn bí wọ́n bá wọlé, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má lè ṣe ètò mìíràn níbẹ̀. Ẹni tó kọ ètò náà fún yín lè bá yín ṣe ìyẹn.

Ní ti ẹ̀rọ ìsàlẹ̀, ẹ tún un ṣe, àmọ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó òmíràn. Debian ti pinnu láti dá kernel 32-bit irú èyí dúró, ìgbà kan yóò sì dé tí irú àtúnṣe yìí kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Akọ̀wé Ìdúmọ̀tà

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ṣèlérí fún ara mi pé n ó padà wá sọ bó ṣe lọ.

Alẹ́ Ọjọ́rú la ṣe é bí Àgbà ti wí. A jẹ́ kí àwọn tó ń ta ọjà lẹ́bàá òpópónà palẹ̀ mọ́ tán, Bísí jáde nínú ètò, Ṣadé jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló sì bá mi da àkọsílẹ̀ kọ sórí dísíìkì tí mo gbé lọ sílé. Mo tẹ cat /proc/locks kí n tó pa ẹ̀rọ òkè. Ìlà Bísí ti kúrò níbẹ̀. Nígbà tó tàn padà, uname -v kọ Debian 6.1.106-3, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbà.

Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ló jẹ́ ká pẹ́. Kò tíì fa kernel tuntun wọlé rárá, nítorí pé wọn kò ṣètò rẹ̀ sórí rẹ̀ nígbà tí a rà á, a sì fi íntánẹ́ẹ̀tì fóònù mi fà á. Ìlà méjèèjì wà nínú changelog rẹ̀, "Remove locks reliably" àti ti "compat path". Mo tẹ̀ wọ́n lórí ìwé, mo fi wọ́n sínú fáìlì ìpàdé ẹgbẹ́, nítorí pé mo fẹ́ kí alága fojú ara rẹ̀ rí i kí n tó béèrè owó ẹ̀rọ tuntun.

Ẹni tó kọ ètò wa ti gbà láti wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí gbogbo akọ̀wé owó má baà rí ju ètò ìkọwé lọ bí wọ́n bá wọlé. Mo pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló béèrè pé kí n fi ọ̀rọ̀ Táyé àti Kẹ́hìndé han òun, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ní agogo mẹ́sàn-án òní, ọjọ́ Ẹtì, ẹni àkọ́kọ́ tó wá gba owó yíyá jókòó sí iwájú Ṣadé. Mo lọ wo /proc/locks nígbà tí Ṣadé ń kọ orúkọ rẹ̀. WRITE, ìyẹn kíkọ, ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́mbà ètò Ṣadé, kò sì pẹ́ tó fi kúrò.